Ẹ Rán Wọn Lọ, Ẹ Ò Bi Wá

Àga ni mo pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ènìyàn kan. Àga olórí Nàìjíríà ni, àti gbogbo ẹni tó ti jókòó lé e láti oṣù Kẹjọ ọdún 1990 títí di ìsinsìnyí, ẹni tó wọ kákí àti ẹni tó wọ agbádá. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn wọ́n kò díjú. Nígbà tí ilé aládùúgbò bá dàrú, ìbọn ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ ń lọ síbi tó wà. Ìpàdé, ẹ̀bẹ̀, oúnjẹ àti oògùn, tó jẹ́ pé àwọn ló padà ń parí ọ̀rọ̀, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń rántí wọn. Owó ìbọn náà àti ẹ̀mí tó ń bá a lọ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti ń mú un.

Àwa wo? Àwa ará Ìjàgbà, ará Ìfọ́n, ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Òndó. Kòkó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wa fi ń jẹun, a sì jìnnà sí ibodè. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Monrovia tàbí Niamey lọ́jà wa, ẹlòmíì á béèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Nígbà tí wọ́n bá ń kó ṣọ́jà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, wọn kì í kó ọmọ mínísítà. Ọmọ àgbẹ̀ tó parí ìwé mẹ́wàá tí kò ríṣẹ́ ni wọ́n ń kó, àti ọmọ ìyá tó ń ta gaàrí. Ẹni tí wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ lọ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́.

Ẹ̀sùn kìíní: wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ní Banjul, olú-ìlú Gámbíà, ní ọjọ́ kẹfà àti ìkeje oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ìgbìmọ̀ kékeré kan nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, jókòó lórí ogun tó ń jà ní Làìbéríà, wọ́n sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 24 oṣù yẹn, wọ́n ti gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, kò sí aṣòfin kan ní Nàìjíríà tó dìde láti béèrè ohunkóhun, nítorí Babangida ti gba ìjọba láti 1985, kò sì sí ilé aṣòfin kankan. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Monrovia, Samuel Doe, ààrẹ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà wọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ Babangida sọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yunifásítì Làìbéríà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. N ò sọ pé nítorí ọ̀rẹ́ nìkan ló ṣe lọ. Ohun tí mo sọ ni pé, ká tilẹ̀ ní nítorí ọ̀rẹ́ nìkan ni, kò sí ẹni tó lè bi í.

Ìwé òfin ọdún 1999 gbìyànjú láti dí ihò yẹn. Abala karùn-ún rẹ̀ ní ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ṣọ́jà lọ jagun ní ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀: bí ààrẹ bá rí i pé ewu ti dé tán, ó lè kọ́kọ́ rán wọn ná, kó sì wá gbàṣẹ láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn ṣọ́jà kan dìtẹ̀ ní Kútọnu, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ni Tinubu gbà jáde. Báálù ológun wa ti wà lójú ọ̀run orílẹ̀-èdè Benin lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní ìjọba Benin ló ké sí wọn, òtítọ́ sì ni. Wọ́n á ní ìdìtẹ̀ náà kò yọrí, òtítọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n kí ló kù tí àwọn aṣòfin fẹ́ jíròrò lé lórí, nígbà tí báálù ti lọ tó ti ṣiṣẹ́? Bí àṣẹ bá ti ń tẹ̀lé iṣẹ́ lẹ́yìn báyìí, ìwé ẹ̀rí lásán ni. Ará Kétu àti ará Sábẹ̀ẹ́ tó jẹ́ ìyekan wa ló wà ní òdì-kejì ibodè yẹn. Ó yẹ kí ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ wa kí a tó gbé ìbọn wọ ilẹ̀ wọn, kódà bó jẹ́ ìbọn ìgbàlà.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù, n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó ìbọn lọ sí Làìbéríà pé kò gbọdọ̀ jọba, òun náà ni wọ́n ṣọ́ àpótí ìdìbò fún lẹ́yìn ọdún méje, tó sì jọba.

Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, ni mo ń sọ. Ó gba Ivory Coast wọ Làìbéríà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tó sì fi máa di àárín 1990 ó ti ń súnmọ́ Monrovia. ECOMOG ní àwọn wá ṣọ́ àlàáfíà ni, ṣùgbọ́n àlàáfíà kankan kò sí nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ tí Doe fi wá kí wọn ní ibùdó wọn ní èbúté, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, wọlé bá a níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì fi ìyà pa á. Lójú àwọn tó wá dáàbò bò ó ni wọ́n ṣe gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba ọ̀gá àgbà ọmọ Gánà tó ń darí wọn kúrò, tí Joshua Dogonyaro ọmọ Nàìjíríà dé, ECOMOG sì di ajagun tààrà. Láti ọjọ́ yẹn, Nàìjíríà kò tún jẹ́ onílàjà mọ́ lójú Taylor; ọ̀tá ni.

Ohun tí ọ̀tá ń ṣe fún ọ̀tá ló sì ṣe. Àwọn akọ̀ròyìn méjì kan wà, Tayo Awotunsin ti ìwé ìròyìn Champion àti Krees Imodibie ti Guardian, tí wọ́n lọ kọ ìròyìn ogun náà. Bírò àti ìwé ni wọ́n mú dání. Àwọn ọmọ ogun Taylor mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Mo mọ̀ pé Taylor ló jẹ̀bi ikú wọn. Àga tí mo pè lẹ́jọ́ ló jẹ̀bi pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà di ìwé ikú fún ẹni tí kò gbé ìbọn.

Ẹ wo bí ogun náà ṣe parí. Wọ́n pàdé ní Yamoussoukro ní 1991, kò yọrí. Taylor kọlu Monrovia ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, báálù wa sì ju bọ́ǹbù sórí agbègbè rẹ̀. Wọ́n pàdé ní Kútọnu ní 1993, kò yọrí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1995, Taylor fúnra rẹ̀ wọ báálù wá sí Àbújá, ó jókòó ti Abacha, tó jẹ́ olórí Nàìjíríà nígbà náà, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni àdéhùn Àbújá jáde. Monrovia tún jóná ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, wọ́n tún padà sí Àbújá ní oṣù Kẹjọ, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, ìyẹn ló sì dúró. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1997, wọ́n dìbò. Taylor rí nǹkan bí ìbò 75 nínú ọgọ́rùn-ún. ECOMOG ló ṣọ́ ìdìbò náà.

Àwọn tó kú nínú ogun yẹn tó nǹkan bí 200,000. N ò ní fi òkú gbogbo wọn sọ́rùn Nàìjíríà, èèwọ̀ ni. Ebi ì bá ti pa Monrovia ju bó ṣe pa á lọ bí ECOMOG kò bá di èbúté mú. Ìyẹn náà yẹ kí adájọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìpàdé Taylor àti Abacha ní 1995 bá lè mú ohun tí ìbọn ọdún márùn-ún kò lè mú wá, ta ló ní kí ìpàdé yẹn má wáyé ní 1990? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ti gbé ìbọn lé èjìká kò lè jókòó sáàárín àwọn méjì tó ń jà. Ọdún márùn-ún la fi ń wá ẹnu tí a ti fi ìbọn pa.

Ó tún wá jẹ́ pé wọ́n mọ ọ̀nà tó dára. Nígbà tí ogun kejì Làìbéríà le ní 2003, ìpàdé Accra ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìdáwọ́dúró ìjà ní oṣù Kẹfà, Ọbásanjọ́ sì fún Taylor ní ibùgbé ní Calabar kó lè kúrò lórí àga. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni ṣọ́jà wa tó balẹ̀, Taylor sì fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ẹnu ló ṣíwájú, ṣọ́jà tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí Ọbásanjọ́ nítorí Calabar yẹn. Inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ogun dúró, Taylor kò sì bọ́ nínú ẹjọ́: wọ́n mú un ní 2006 níbi tó ti fẹ́ gba ibodè Gamboru sá lọ, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n 50 ọdún ní 2012.

Ẹ̀sùn kẹta kúrú. Ẹni tó bá máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, àwọn ṣọ́jà lé Ààrẹ Tejan Kabbah kúrò ní Sàró. Abacha bínú pé wọ́n fi ìbọn gba ìjọba alágbádá. Abacha! Ní oṣù Kejì ọdún 1998, ṣọ́jà wa lé àwọn adìtẹ̀ náà kúrò ní Freetown, Kabbah sì padà sórí àga ní oṣù Kẹta. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Abíọ́lá tí àwa dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993 wà ní àtìmọ́lé lọ́wọ́ ẹni tó ń dá ìjọba alágbádá padà fún aládùúgbò. Ó kú sí àtìmọ́lé náà ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Èyí kò sọ ìgbàlà Kabbah di ohun burúkú. Ó kàn fi hàn pé kì í ṣe ìfẹ́ ìbò ló gbé ṣọ́jà lọ.

Ìwà tí àwọn kan nínú ṣọ́jà wa hù ní Sàró tún wà. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ Freetown ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1999, tí wọ́n ń gé ọwọ́ ọmọdé àti àgbà, ṣọ́jà wa ló lé wọn padà, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́jà náà sì kú síbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn náà ló pa ẹni tí wọ́n fura sí láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, Sorious Samura ọmọ Sàró sì ya fídíò ìwà náà sínú fíìmù rẹ̀, Cry Freetown. Kò sí ẹni tó kó ọmọ ogún ọdún lọ sínú irú iná bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ohun tí iná lè sọ ọ́ dà.

Ẹ̀sùn kẹrin kan Niger. Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni Ọ̀gágun Tchiani gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum. Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS lóṣù yẹn ni. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìdìtẹ̀ náà, wọ́n pàdé ní Àbújá, wọ́n fún àwọn ológun ní ọjọ́ méje: ẹ dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a lè fi agbára wọlé. Wọ́n ti ibodè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger ní báńkì, Nàìjíríà sì pa iná mànàmáná tó ń rán lọ. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Àdéhùn àtijọ́ ni: àwa ń fún wọn níná, àwọn náà kò sì ní sé odò Ọya mọ́ wa lókè. Iná yẹn la pa.

Ta ni òkùnkùn náà wá bá? Tchiani kò sùn nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ ológun kì í gba iná láti Nàìjíríà. Aláboyún tó ń rọbí ní Maradi ló bá, àti ẹni tó ń lọ ata ní Zinder. Ní tiwa, àwọn oníṣòwò ní Illela, Jibia àti Maigatari ń wo ẹrù wọn bó ṣe ń bàjẹ́. Ọkọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ tò sí Malanville ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá odò, wọn ò lè sọdá. Àwọn tó ní ìrànwọ́ làwọn fẹ́ ṣe ti ọ̀nà mọ́ ìrànwọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yin àwọn aṣòfin àgbà níhìn-ín, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n yìn wọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n jókòó lórí lẹ́tà Tinubu, wọn ò sì fọwọ́ sí ogun. Wọ́n ní kó lọ sọ̀rọ̀. Abdulsalami Abubakar lọ sí Niamey. Sanusi, ẹni tó ti jẹ Ẹ́míà Kánò, lọ, ó sì rí Tchiani. Àwọn àfáà lọ, Sheikh Bala Lau ló ṣáájú wọn, Tchiani sì gbà wọ́n lálejò. Ogun kò jà. Ìjìyà yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí mẹ̀kúnnù títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n wá gbé e kúrò láìjẹ́ pé Bazoum padà sórí àga. Nígbà yẹn, Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ti kúrò ní ECOWAS. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n kúrò pátá. Ojú ọ̀nà tí àwọn agbébọn ń gbà wọ Ṣókótó àti Katsina, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò yẹn ló wà, ní àkókò tó sì yẹ kí a jọ máa ṣọ́ ọ, a ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa tó lọ sí Niamey lọ tún ìkòkò ṣe.

Ẹ̀sùn karùn-ún sún mọ́lé. Àkúrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2008, àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Làìbéríà dé, níbi tí wọ́n ti bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣọ́ àlàáfíà, jáde sí ìgboro Àkúrẹ́. Wọ́n ní owó àjẹmọ́nú tó yẹ kó kàn wọ́n kò pé lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ bí owó náà ṣe ń rìn: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í san owó oṣù fún ṣọ́jà kan ní tààrà. Orílẹ̀-èdè tó rán an wá ló ń sanwó fún. Nígbà yẹn, nǹkan bí 1,028 dọ́là ni lórí ṣọ́jà kan lóṣù kan. Ìjọba á gba owó náà, á wá pinnu iye tí ọmọ tó ń gbé ìbọn nínú òjò Làìbéríà máa rí. Láàárín ọwọ́ tó gbà á àti ọwọ́ tó yẹ kó gbà á, ọwọ́ pọ̀.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ṣọ́jà náà ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù ológun ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, kóòtù dá ẹ̀wọ̀n gbére fún gbogbo wọn. Ariwo ta káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn ọ̀gá ológun sì sọ ọ́ di ọdún méje lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mo mọ òfin ológun. Ṣọ́jà tó bá gba títì kan nítorí owó, ó ti rú òfin, n kò sì ní sọ pé kí wọ́n dárí jì í bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo òṣùwọ̀n náà. Ọmọ ogun Taylor pa ènìyàn ní Monrovia, wọ́n fún un ní ipò nínú ìjọba nítorí àlàáfíà. Ọmọ Nàìjíríà lọ ṣọ́ àlàáfíà yẹn, ó padà délé, ó bèèrè owó rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ ní kó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àwọn tó ń sọ fún ayé pé ìfẹ́ ọmọ ènìyàn ló gbé wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ló ṣe èyí. Ìyá tó ń gbé ní Ọ̀wọ̀, tó mọ̀ pé Àkúrẹ́ ni kóòtù náà ti jókòó, irú ojú wo ni kó fi wo ọmọ rẹ̀ tó bá ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun?

Ẹ̀sùn kẹfà: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, wọ́n sì fi tiwa sórí òrùlé lọ pa ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n gba Elegbeka kọjá. Gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ mọ bí ọkàn ṣe ń rí tí mọ́tò bá ti dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adegoke Adeusi, ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́. Àwọn agbébọn yìnbọn lù ú ní Elegbeka. Ìbọn ojú ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní tirẹ̀ ló pa ọba. Bí ọba kò bá lè ti ìpàdé dé ilé, kí ni àgbẹ̀ Ìjàgbà tó fẹ́ gbé iṣu lọ sí ọjà Ọ̀wọ̀ máa rò?

Ọdún méjì kò pé lẹ́yìn náà. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n fi ìbọn àti àdó olóró pa nǹkan bí ogójì ènìyàn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣọ́jà Nàìjíríà wà ní Gámbíà, wọ́n ń ṣọ́ àlàáfíà tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ́ ṣọ́jà kan láti Gámbíà kò lè dí gbogbo ẹnu ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba bá kà sí pàtàkì la fi ń mọ̀ ọ́n. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé àwọn márùn-ún tí wọ́n fura sí lọ sí kóòtù ní Àbújá. Fún Kútọnu, wákàtí díẹ̀ tó. Fún Ọ̀wọ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ta kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

N ó sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín tí yóò bí àwọn ará mi kan nínú. Nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Ṣókótó ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, tí Trump ní torí àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pa ni, àwọn kan yọ̀. Ẹni tó sin òkú ní 2022, n kò lè bá a jà pé ó yọ̀. Ṣùgbọ́n Ṣókótó kọ́ ni Elegbeka, bọ́ǹbù tó já síbẹ̀ kò fi ọlọ́pàá kan kún ojú ọ̀nà wa. Àfọ́kù ohun ìjà náà dé Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí kò sí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Bí Nàìjíríà ṣe ṣe sí Monrovia ni ẹni tó ju Nàìjíríà lọ ń ṣe sí Nàìjíríà: ó dé, ó yìn, ó lọ, ó sì ní òun ti ràn wá lọ́wọ́. Ìjọba wa ní àwọn mọ̀ sí i. Ta ni wọ́n bi?

Ó kù kí n gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò wọn á dìde, á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló há sí Monrovia ní 1990. Á ní bí ṣọ́jà wa kò bá sí ní Freetown, ta ni ì bá lé àwọn agé-ọwọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n ò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Àkókò kan wà tí ẹnu kì í ràn, tí ẹni tó ń gé ọwọ́ ọmọ kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan. Á tún mú Gámbíà wá, òun sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tó dára jù: Ààrẹ Jammeh pàdánù ìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó kọ̀ láti lọ, ṣọ́jà ECOWAS dé ibodè, ó sì lọ.

Àmọ́ kí ó ka Gámbíà tán. Àwọn ààrẹ mẹ́rin, Buhari, Johnson Sirleaf, Mahama àti Koroma, ti lọ bẹ Jammeh ní Banjul ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá. Ó lé ní oṣù kan tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Nígbà tí ṣọ́jà sọdá ibodè ní oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n dúró, kí Ààrẹ Alpha Condé ti Guinea àti Ààrẹ Mauritania lè tún bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e wọ báálù ní ọjọ́ 21. Ẹjọ́ mi gan-an ni Gámbíà ń rò.

São Tomé tún wà, tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ nítorí kò lókìkí. Ní oṣù Keje ọdún 2003, ṣọ́jà gba ìjọba níbẹ̀ nígbà tí Ààrẹ Fradique de Menezes wà ní Àbújá. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi bá àwọn ológun náà sọ̀rọ̀ yanjú, Ọbásanjọ́ sì bá ọkùnrin náà wọ báálù padà sílé. Kò sí òkú ọmọ Nàìjíríà kan.

Ìrànwọ́ ńkọ́? Babangida kan náà tó kó ìbọn lọ sí Monrovia ni ìjọba rẹ̀ dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀ ní 1987, nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà ni ètò náà ń rán lọ fún ọdún méjì méjì, sí ilẹ̀ Áfíríkà, erékùṣù Karibíà àti Pàsífíìkì. Kò sí ẹni tó ń sá fún wọn ní ìgboro. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lójú ayé ní 1999 pé bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ni Nàìjíríà ti ná lórí ECOMOG. Kí ẹni tó bá mọ ìṣirò ṣe é: olùkọ́ mélòó, nọ́ọ̀sì mélòó ni bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lè rán lọ sí Làìbéríà kí Taylor tó rí ọmọdé tó máa gbé ìbọn fún? Ẹni tí kò mọ ọ̀nà mìíràn ni a lè dárí jì. Àwọn yìí mọ̀ ọ́n, wọ́n ti rìn ín, wọ́n sì tún padà sídìí ìbọn.

Ìdájọ́ tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn inú abala karùn-ún, kí ṣọ́jà kankan má kúrò nílé láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin ti jíròrò rẹ̀ lójú gbogbo wa, àfi tí wọ́n bá ń jà nínú ilé wa. Kí ààrẹ tó bá fẹ́ rán ṣọ́jà kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn tó ti rán lọ sọ̀rọ̀, àti ohun tí wọ́n bá bọ̀. Kí owó àjẹmọ́nú gba báńkì wọ àkáǹtì ṣọ́jà ní tààrà, láìgba ọwọ́ ọ̀gá kankan. Kí wọ́n sọ fún wa ìgbà tí àwọn tó lọ sí Benin máa padà.

Kí wọ́n sì tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó kú sí Làìbéríà àti Sàró jáde, pẹ̀lú ìlú wọn, ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí a lè ṣí ojú ewé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ká sì ka tiwa. Kí wọ́n má ṣe ní ó ṣòro láti rí. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn ológun, torí wọn kì í kó ṣọ́jà wọ ọkọ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.